Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Ọkọ̀ Wa Kò Fò

Ẹ̀yin ará Ayétòrò, láti ìgbà tí mo ti dé, kò sẹ́ni tó pàdé mi lọ́nà ọjà tàbí níwájú mọ́ṣáláṣí tí kò bi mí bí òkè ṣe rí. Wọ́n á ní, "Ràfíátù, ṣé ẹ̀rù kì í bà ọ́ lókè lọ́hùn-ún?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, màá ní rárá. Òótọ́ sì ni. Ẹ̀rù tó bà mí jù láyé mi, orí ilẹ̀ ló ti bà mí, lórí yanrìn, nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́ tí ẹ́ńjìnnì kankan kò ké. Mo fẹ́ sọ ìrìn-àjò yẹn fún yín bó ṣe rí gan-an, torí ẹnu àwọn kan ti ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Wọ́n ní bàálù já sínú aṣálẹ̀, wọ́n ní ràkúnmí ló gbé mi wálé. Ràkúnmí kò gbé mi. Ọ̀kadà ló gbé mi.

Ilé tí mo ń fò kọjá

Kútọnu ni iṣẹ́ gbé mi dé. Ilé-iṣẹ́ bàálù kékeré kan ló gbà mí síbẹ̀, mo sì ń ṣe igbákejì awakọ̀, ìyẹn ẹni tó máa ń jókòó lápá ọ̀tún kápítéènì. Kí wọ́n tó ti bodè, ìyà ò jẹ mí. Bí mo bá ti rí ìsinmi ọjọ́ méjì, màá wọ mọ́tò gba Ìdìrókò, màá dé Ìlárò, kí oòrùn tó wọ̀ mo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá mi níbí. Àdùkẹ́, ọmọ mi kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé láti ìgbà tí èmi àti bàbá rẹ̀ ti pínyà. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń wá wò ó.

Wọ́n wá ti bodè. A rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Ó di oṣù kan, ó di oṣù mẹ́fà. Bodè ò tíì ṣí tí àrùn fi dé, tí bàálù pàápàá fi dúró nílẹ̀. Nígbà tí a tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò, àwa awakọ̀ ò pọ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tí wọ́n fún láàyè ìsinmi. Ọdún kan kọjá, ó lé oṣù díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ tí mo fi sílẹ̀ ti ń sún mọ́ ọdún márùn-ún. Inú fóònù ni mo ti gbọ́ pé ó ti wọ ilé-ìwé. Inú fóònù ni mo ti gbọ́ pé ó ṣubú, pé orúnkún rẹ̀ bó, pé ó ti jinná.

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé ọ̀nà tí bàálù wa ń gbà bọ̀ láti àríwá, ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ń gbà kọjá. A ó kọjá lókè Kétu, a ó kọjá lókè Pọ̀bẹ́, màá sì mọ̀ pé Ayétòrò wà lápá ìlà-oòrùn níbẹ̀ yẹn, pé Màmá lè máa sá láfún lórí àpáta lásìkò náà. Kápítéènì mi, ọmọ Kétu ni. Adéṣínà lorúkọ wọn, àgbàlagbà tó ti ń wa bàálù kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè wọ́n. Bí a bá ti dé ibẹ̀, wọ́n á fẹ̀yìn ti àga wọn, kí n lè ríran kọjá àyà wọn. Igbó ni mo máa ń rí, àti ọ̀nà pupa tóóró, àti èéfín oko tí wọ́n ń sun. N kò dá òrùlé kan mọ̀ rí. Síbẹ̀ mi ò yé wò ó.

Níkẹyìn wọ́n fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù Kútọnu sí Èkó ti àárọ̀ Jímọ̀. Mo sọ fún Àdùkẹ́ lórí fóònù pé, "Jímọ̀, mo ń bọ̀." Ó ní, "Jímọ̀ yìí?" Mo ní, "Jímọ̀ yìí gan-an." Ìrìn kan ṣoṣo ló kù kí n tó lọ: a ó kó èrò lọ sí ìlú kan létí aṣálẹ̀ ní ilẹ̀ Niger ní Ọjọ́rú, a ó sùn síbẹ̀, a ó kó èrò padà sí Kútọnu ní Ọjọ́bọ̀.

Sànnú

Ẹni tí kò bá tíì dé aṣálẹ̀, kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òfìfo. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn bàálù, ooru gbá mi lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò. Ilẹ̀ pupa, ọ̀run funfun, kò sí igi tó ga ju èèyàn lọ. Àwọn ọkùnrin fi láwàní wé orí dé imú, ojú nìkan lẹ máa rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kíni! Wọ́n á fi Hausa kí ọ pé "Sànnú", wọ́n á bi ọ́ nípa àárẹ̀, wọ́n á bi ọ́ nípa ilé, nípa àwọn ará ilé, nípa ooru, wọ́n á tún padà sórí àárẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kánjú. Ìkíni yẹn jọ tiwa débi pé omi lé sí mi lójú, mo sì ní yanrìn ló kó sí i.

Ilé obìnrin opó kan tí wọ́n ń pè ní Hàjíyà Sàlámátù ni a máa ń dé sí. Inú ilé náà tutù nítorí amọ̀ ni, ògiri rẹ̀ nípọn bí apá méjì. Hàjíyà gbọ́ Faransé díẹ̀, èmi náà gbọ́ díẹ̀, díẹ̀ ti àwa méjèèjì ò sì bára mu. Wọ́n na ọwọ́ sí mi, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Obìnrin tó ń wa bàálù! Wọ́n wá fi ọwọ́ díwọ̀n gíga ọmọdé láti ilẹ̀, wọ́n sì wò mí bí ẹni ń béèrè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà fọwọ́ díwọ̀n tèmi. Ọwọ́ mi dúró lójú òfurufú, torí n kò mọ ibi tó yẹ kó dúró sí mọ́. N kò mọ bí ọmọ mi ṣe ga tó.

Epo tó ń kán

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo lọ yí bàálù po. Iṣẹ́ igbákejì awakọ̀ nìyẹn kí ọkọ̀ tó gbéra: kí o fojú wò ó, kí o fọwọ́ kàn án. Gbogbo rẹ̀ dára títí mo fi dé ẹsẹ̀ òsì. Nǹkan pupa bíi sóbò ń sun lára páìpù tó gbé epo bíréèkì sọ̀ kalẹ̀, ó sì ti kán sórí táyà.

Mo pe Ìdírísù, mẹkáníìkì tó máa ń bá wa rìn. Ó nu ún, ó fún ìdè rẹ̀ le, ó bu epo mìíràn sí i. Ó ní, "Madame, ó ti dúró." Mo lóṣòó, mo ń wo ojú ibẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ìlà pupa tín-ín-rín kan tún yọ, ó kóra jọ, ó kán.

Ìdírísù wò mí. Ó ní, "Ìyẹn ò tó nǹkan. Epo tí mo bu sí i á gbé yín dé Kútọnu. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe níbẹ̀, irinṣẹ́ wà níbẹ̀."

Kò parọ́. Ó ṣeé ṣe kó gbé wa délé. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro irú iṣẹ́ wa: lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń gbéni délé.

Mo gun ọkọ̀ lọ bá Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti wà lórí fóònù pẹ̀lú ọkùnrin tó ń ṣètò ìrìn-àjò wa ní Kútọnu. Ohùn rẹ̀ ń dún jáde débi tí mo dúró sí. Ó ní èrò méjìdínlógójì ti wà nílẹ̀, ó ní àwọn èrò mìíràn ń dúró de bàálù kan náà ní Kútọnu ní ọ̀sán, ó ní bí a bá pẹ́, gbogbo ètò ọ̀sẹ̀ náà dàrú. Mo sọ ohun tí mo rí. Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ẹ má tíì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ bá délé."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìwé yẹn. Bàálù kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tí awakọ̀ ń kọ àléébù rẹ̀ sí. Ohun tí o kò bá kọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí o bá ti kọ ọ́, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ fò mọ́ títí ẹni tó tún un ṣe yóò fi fọwọ́ sí i. Ìlà ìkọ̀wé méjì péré ló lè dá ọkọ̀ ńlá dúró.

Ẹ̀gbọ́n pa fóònù. Wọ́n lọ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà fúnra wọn, wọ́n padà wá jókòó. Wọ́n ní, "Àbúrò, ó kù díẹ̀ kí wọ́n sọ ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi dọ̀tun. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni mí. Bí mo bá bí wọn nínú, wọn ò ní sọ ọ́ dọ̀tun. Mo kọ́kọ́ sọ tèmi fún ọ kí o lè mọ̀ ọ́n. Ìwọ náà, Jímọ̀ lo fẹ́ lọ, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Kálukú wa ló nídìí tí ó fi fẹ́ kó fò. Mo fẹ́ kí o dá mi lóhùn bí ẹni tí kò nídìí kankan. Kí lo rí?"

Kí n má parọ́ fún yín, mo fẹ́ dákẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti bà mí, ẹ̀rù ara mi ni. Mo rí Àdùkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkàn mi ní epo tó sun kò ju ìka kan lọ. Ó ní Ìdírísù mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní ojú ọjọ́ dára. Láti ojú fèrèsé mo rí àwọn èrò lábẹ́ ìbòòji gbọ̀ngàn pápá bàálù. Aboyún kan ń fi aṣọ fẹ́ ara rẹ̀, bàbá arúgbó kan tó ń lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú sì di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Àwọn yẹn ò mọ̀ pé nǹkan kan ń kán.

Mo ní, "Mo rí i pé ó dúró, ó sì tún kán. N kò mọ ibi tí ó máa kán dé."

Ẹ̀gbọ́n na ìwé náà sí mi. "Ìwọ lo rí i. Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Ìlà kejì gun orí ìlà kìíní. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí i lábẹ́ orúkọ mi, kí wọ́n má bàa ní èmi nìkan ni. Lẹ́yìn náà wọ́n dé fìlà wọn, a sì jọ lọ bá àwọn èrò.

Mo ti bá ìjì pàdé lókè, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ìjì ju gbọ̀ngàn yẹn lọ. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dìde, ó ní ìpàdé tí òun fẹ́ lọ ṣe ní Kútọnu ò ṣeé sún síwájú. Ó nawọ́ sí mi. Ó ní, "Ṣé torí obìnrin yìí bẹ̀rù ni gbogbo wa á ṣe jókòó sínú yanrìn?" Àwọn kan kígbe pé òótọ́ ló sọ. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ fèsì, mo fọwọ́ kàn wọ́n lápá. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo bẹ̀rù."  Bàbá arúgbó yẹn nìkan ló ní kí n wá jókòó.

Jímọ̀ lọ́nà jíjìn

Páìpù tuntun, láti Niamey, olú-ìlú ilẹ̀ náà, ló máa ti wá, ọ̀nà ilẹ̀ ló sì máa gbà. Àwọn ará ìlú pín àwọn èrò láàárín ara wọn bí ẹni pín àlejò ìgbéyàwó. Kò sẹ́ni tó sùn sí gbọ̀ngàn. Ilé Hàjíyà gba mẹ́sàn-án, títí kan aboyún náà. Wọ́n po ìyẹ̀fun, wọ́n gbẹ́ yanrìn gbígbóná tí wọ́n ti dáná lé lórí, wọ́n sin búrẹ́dì sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n hú u jáde, wọ́n gbọn yanrìn rẹ̀ dànù, wọ́n já a sínú ọbẹ̀ ẹran. Ó dùn. Mo jẹ ẹ́, mo sì ń ronú ẹ̀kọ gbígbóná inú ewé tí Ìyá Súlè máa ń gbé kọjá níwájú ilé wa láàárọ̀. Bí ilé bá ń wu èèyàn, kò sí oúnjẹ tí kò ní máa fi wé ti ilé.

Wọ́n ń fún wa ní tíì nínú ife kékeré, ó korò bí agbo. Bí mo bá fẹ́ dìde, Hàjíyà á fà mí jókòó. Níbẹ̀ yẹn, àlejò tó mu ẹyọ kan tó sì lọ, ó bú onílé ni. Ife kẹta ló máa ń dùn.

Ọ̀sán Jímọ̀, mo pe ilé. Màmá gbé fóònù fún ọmọ.

"Àdùkẹ́, ọkọ̀ wa bàjẹ́. Mi ò lè dé lónìí."

 Mo gbọ́ akọ ẹyẹlé tó ń ké nínú àgbàlá wa. Àdùkẹ́ ní, "Jímọ̀ nì yìí."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ ní Jímọ̀."

Ó wá dá fóònù padà fún ìyá mi. Màmá ní kò ju ú, kò sunkún. Ó dá a padà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Hàjíyà rí ojú mi.  Wọ́n wá jókòó tì mí lórí ẹní, wọ́n ń ṣa hóró ọkà lọ.

Páìpù

Ọ̀sán Àbámẹ́ta ni ẹni tó gbé páìpù dé, ó wọ eruku dé ìpéǹpéjú. Òun àti Ìdírísù tú èyí tó ti gbó kúrò. Ìdírísù dì í mú ní orí méjèèjì, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bí ẹni fẹ́ wo bó ṣe le tó. Ó dá sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

 Ìdírísù lóṣòó, ó ń wo apá méjèèjì. Nígbà tó yá ó ní, "Madame, èmi ni mo ní kí ẹ máa gbé e lọ." Mo ní, "Ìwọ náà fẹ́ délé ni." Ẹ̀gbọ́n rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n kọjú sí ìlà-oòrùn, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó padà.

A gbéra láàárọ̀ Àìkú. Ní Kútọnu, mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bí àwọn èrò ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Bàbá arúgbó náà gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó súre gígùn tí n kò gbọ́. Ọkùnrin oníkóòtù gba iwájú mi kọjá, fóònù wà létí rẹ̀, kò wojú mi.

Ilé ẹ̀gbọ́n obìnrin

Tíkẹ́ẹ̀tì mi ti kọjá. Àyè tó kù nínú bàálù Èkó, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí ìsinmi mi á ti tán. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ilẹ̀ ṣì wà. Jẹ́ kí n mú ọ lọ sílé wa." Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fi mọ́tò wọn gbé mi lọ sí Kétu.

Lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí mo ti fò kọjá lórí ìlú yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tí màá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Màmá Kétu, kọ́kọ́ fi Faransé kí mi káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, "Bonne arrivée", wọ́n wá fi Yorùbá bi mí nípa gbogbo ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó mọ̀ wọ́n. Wọ́n gbé àkàsà, ìyẹn ẹ̀kọ lọ́dọ̀ wọn, àti ẹja díndín ka iwájú mi. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti ti bodè, ọmọ wọn tó relé ọkọ ní Ìmẹ̀kọ ti bímọ, wọn ò tíì gbé ọmọ náà rí. Wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n ń fi ata kún ẹja mi.

Ìlárá

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo dé Ìlárá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé bodè gba àárín àwọn èèyàn ibẹ̀ kọjá, pé ẹbí kan náà ló wà lápá méjèèjì. Mọ́tò ò kọjá, ẹrù ò kọjá, àwọn ará ibẹ̀ nìkan ló ń fẹsẹ̀ lọ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ bọ̀. Mo gbé báàgì kékeré mi kọ́ èjìká. Ọkùnrin kan tó wọṣọ ológun gba ìwé ìrìnnà mi, ó ń ṣí i wò.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Màdáàmù?"

"Mò ń wa bàálù."

Ó wo bàtà mi tó pupa fún eruku, ó rẹ́rìn-ín títí. "Bàálù! Ẹ wá ń fẹsẹ̀ rìn wọ ìlú?"

"Ọmọ mi wà ní Ayétòrò. Ó ti lé lọ́dún kan."

Ẹ̀rín rẹ̀ tán. Ó dá ìwé mi padà. "Ìrẹsì ni wọ́n ní ká dá dúró. Wọn ò ní ká dá ìyá ọlọ́mọ dúró. Ẹ máa lọ."

Ọlọ́kadà tó gbé mi ní ẹ̀yìn ibẹ̀ ní epo ti wọ́n lágbègbè bodè, ó ní bí òun bá sáré, epo á tán, bí òun bá rọra, ilẹ̀ á ṣú. Mo ní kó rọra. Mo fẹ́ fojú rí i, gbogbo rẹ̀, igi etí ọ̀nà, oko ẹ̀gẹ́, ọ̀nà pupa tóóró tí mo ti ń wò láti òkè. Òórùn láfún tí wọ́n sá gbà mí nímú kí a tó wọ Ayétòrò.

Ẹ káàbọ̀, mà

Màmá ló kọ́kọ́ rí mi. Igbe tí wọ́n ké, gbogbo àdúgbò ló jáde. Àdùkẹ́ jáde tẹ̀lé wọn. Ó ga dé ìdí mi. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó kúnlẹ̀ dáadáa bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà."

Bí ẹni ń kí àlejò ló ṣe kí mi. Ojú ti Màmá. Wọ́n ní, "Àdùkẹ́! Ìyá rẹ nìyí."

Ó ní, "Mo mọ̀. Màmá inú fóònù."

Mo ti jẹ́ àlejò ní Kútọnu, mo ti jẹ́ àlejò létí aṣálẹ̀, kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. N kò gbé e. Mo rí i pé kò fẹ́ kí n gbé e. Mo wẹ̀, mo jẹun, mo sùn sílẹ̀ lórí ẹní nínú ìbòòji àgbàlá, torí ẹ̀yìn ń dùn mí. Ó dúró lẹ́yìn òpó, ó ń wò mí. 

"Ta ló ní kí ọkọ̀ yín má fò ní Jímọ̀?"

Mo lè ní ọ̀gá ni. Mo ní, "Èmi ni."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi ni. Nǹkan kan ń kán lára rẹ̀. Èèyàn sì pọ̀ nínú rẹ̀."

Ó rò ó. "Ṣé àwọn èèyàn yẹn wá délé wọn?"

"Gbogbo wọn ló délé."

"Ìgbà wo lẹ tún ń lọ?"

Ìyẹn ló nira jù láti dáhùn. Mo ní, "Ọ̀tunla."

 Ó wọlé lọ, mo sì rò pé ó ti parí nìyẹn. Ó tún jáde, ó ń wọ́ ẹní tirẹ̀ nílẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó sùn sórí rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó rọra sún sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan àyà mi, ó sì dúró síbẹ̀.